Ẹ má tíì pè wọ́n ní àgbébọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú o, ìyá wa. Ẹ ní àwọn òròmọdìẹ méjìlá tí ẹ rà lọ́jà ti di ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pé ẹni tó tà wọ́n ní Noiler, irú adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin, ni gbogbo wọn, abo sì ni gbogbo wọn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Gbogbo wọn kẹ̀? Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn.

Ọmọ òòjọ́ inú páálí ni wọ́n tà fún mi. Ọkùnrin náà ní Isa Brown ni, léyà (adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin) pọ́ńbélé, owó léyà ló sì gbà. Mo ní kí ló dé tí wọ́n funfun báyìí, ó ní àwọ̀ wọn á yí padà tó bá yá. Irọ́ gbuu! Ìran Isa Brown, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin: abo á pọ́n rúsúrúsú, akọ á funfun. Iléeṣẹ́ tó fi ẹ̀rọ pa ẹyin wọn ti ṣa akọ sọ́tọ̀, wọ́n ti tà wọ́n ní pọ́ọ́kú. Ọkùnrin yẹn ló kó wọn wá sọ́jà tó sọ wọ́n di léyà.

Mo pe dókítà ẹran. Kó tó dìde, ó ti gba owó ọkọ̀. Ó na apá wọn, ó ní èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju ara wọn lọ, abo ni, èyí tó dọ́gba, akọ ni. Ó ní ọkàn mi kó balẹ̀. Ọ̀nà ìyẹ́ apá yẹn, kìkì ìran tí wọ́n dìídì ṣètò fún un ló ń ṣiṣẹ́ fún, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ péré. Lára adìẹ ìbílẹ̀, ìméfò lásán ni. Ṣé ó wúwo lẹ́nu kéèyàn ní òun ò mọ̀ ni? Mo ń ra oúnjẹ, mo ń dúró de ẹyin, títí tí ọ̀kan nínú àwọn “abo” fi kọ kéékèèké ní ìdájí, tí òmíràn sì dá a lóhùn. Aládùúgbò mi rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìdí òròmọdìẹ láti fi mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Àwọn ará Japan ló sọ ọ́ diṣẹ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ pẹ́ ni. Ìfun lẹ máa fi ṣèṣe. Ẹ má sì fún èyí tí kò tíì yé ní oúnjẹ léyà, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ nítorí èèpo ẹyin, ó ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Tiyín wàyí. Ẹ wo ogbe orí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ti akọ ti máa ń pọ́n, ó ti ń ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ki. Ti abo á ṣì kéré, kò ní tíì pọ́n. Irú kan náà ni kẹ́ ẹ fi wé ara wọn o, kì í ṣe búróílà sí ìbílẹ̀. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ dúró títí di bí ọ̀sẹ̀ méjìlá: ìyẹ́ ọrùn àti ti ẹ̀yìn tó sún mọ́ ìrù á rí ṣóńṣó, á máa dán lára akọ, ti abo á rí roboto lẹ́nu.

Ní ti irú wọn, àwọ̀ ò lè sọ ọ́ fún yín. Noiler, tó wá láti Awẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, oríṣiríṣi àwọ̀ ló ní. Ẹ gbé wọn wò: tí wọn ò bá wúwo ju ọmọ adìẹ ilé yín tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ dáadáa, ẹ máa fura. Ẹ bèèrè rìsíìtì iléeṣẹ́ tó pa ẹyin wọn. Bí kò bá sí, bóyá akọ Noiler àti abo ìbílẹ̀ ló bí wọn. Wọ́n á ṣì yé, ìyẹn ò burú.

Ẹ tún bi ẹni tó tà wọ́n bóyá wọ́n ti gba àjẹsára lúkúlúkú. Bó bá ń kálòlò, ẹ lọ ra àjẹsára tiyín lọ́la. Ẹyin jíjẹ kò nílò akọ rárá, bí ẹ ò bá fẹ́ pamọ. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bó bá wù yín, kẹ́ ẹ ta ìyókù nígbà Kérésì, tí owó akọ máa ń gbówó lórí.