Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìdérí Ìgò, Ère Sìmẹ́ǹtì àti Ọ̀rá Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó ìdérí ìgò bíà àti mínírà jọ, mo fi wáyà bàbà inú fáànù tó jóná so wọ́n pọ̀ bí aṣọ: mítà méjì lóòró, mítà kan àbọ̀ níbùú. Mo gbé e kọ́ sára ògiri ìta. Òkè ló ti kọ́kọ́ já, ìpẹtà sì ti ń ṣàn sára ògiri. Kí ló fà á? (Òkè-Fíà, Òṣogbo)

Ohun méjì ló ń bá iṣẹ́ yín jà. Ẹ jẹ́ ká ti orí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ El Anatsui, ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nsukka lọ́dún 1975, tó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice lọ́dún 2015, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán ń wò kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdérí ọtí líle tí à ń yí ṣí ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni. Ti bíà àti mínírà, irin ni. Ẹ gbé òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i bó ṣe máa fà á mọ́ra. Ọ̀dà ló ń bo irin náà láṣìírí. Ojú ihò tí ẹ fi ìṣó lu ni omi gbà wọlé. Bàbà tún dá kún un: bí irin àti bàbà bá fara kanra nínú omi, irin ló ń jìyà. Inú ilé ni kí ẹ kọ́ èyí sí. Bó bá jẹ́ ìta lẹ fẹ́, ìdérí alumíníọ̀mù àti wáyà alumíníọ̀mù ni kí ẹ lò. Ṣebí páànù alumíníọ̀mù wà lára ohun tí Aṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ Òṣogbo, lu ìtàn sí.

Ní ti jíjá, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ìdérí kan bá gba sẹ̀ńtímítà mẹ́ta, nǹkan bí 1,100 ni yóò wà nínú mítà kan níbùú lóòró. Tiyín ju 3,000 lọ, kò sì ní dín ní kílò mẹ́fà. Ìlà òkè nìkan ló ru gbogbo rẹ̀. Ẹ so ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ní wáyà oníbejì, kí ẹ fi ọ̀pá irin gba inú wọn, kí ẹ sì gbé ọ̀pá náà kọ́ ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 25. Ìṣó méjì ní igun méjì kò lè gbé e.

Ẹ wo ihò náà dáadáa. Ojú tó ní àwòrán ni kí ẹ ti lu ìṣó, lórí pákó, kí ẹnu mímú rẹ̀ lè yọ sẹ́yìn. Kí ẹ wá yí i padà, kí ẹ fi òòlù tẹ ẹnu náà pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá fò ó, òun gan-an ni yóò máa rẹ́ wáyà bí afẹ́fẹ́ bá ti ń mì í. Ẹ má jẹ́ kí ihò sún mọ́ etí ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ lọ́ wáyà, ó tó; àlọ́jù ń jẹ́ kó kán. Kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha wáyà fáànù náà wò: bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ni, kì í ṣe bàbà.

Ère sìmẹ́ǹtì mi là láti èjìká dé ẹsẹ̀, omi pupa ń jáde. Ṣé kí n fi sìmẹ́ǹtì dí i? (Ayétòrò)

Ẹ má dí i. Irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, irin tó bá sì dípẹtà máa ń wú, òun ló ń ti sìmẹ́ǹtì ya. Bí ẹ bá dí i lásán, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yóò tún là. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan irin tó mọ́ lápá méjèèjì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ẹ kun red oxide, ọ̀dà tó ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì dí i: sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan sí iyanrìn mẹ́ta tí ẹ ti fọ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ohun tó bo irin kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ńtímítà méjì àbọ̀. Imú àti ìka ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù. Kí ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje. Àwọn ère sìmẹ́ǹtì tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Adébísí Àkànjí, mọ sínú igbó Ọ̀ṣun pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti tún ṣe.

Ṣé mo lè fi áyọ́ọ̀nù lẹ ọ̀rá píọ́ọ̀ wọ́tà pọ̀? (Òkè-Baálẹ̀)

Ẹ lè ṣe é. Ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ tinú tòde, kí ẹ to mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí ara wọn, kí ẹ fi bébà sí òkè àti ìsàlẹ̀. Kí iná má le. Bó bá rú èéfín, ó ti gbóná jù, kò sì dáa láti fà símú. Ẹ ṣí fèrèsé. Yóò sún kì díẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán ni kí ẹ tó gé e.