Ẹ yẹ ojú ọmọ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra fítámìn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún 6, kì í lè wo tẹlifíṣọ̀n àyàfi tó bá lọ jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an, pé ẹnì kan ti ní kí ẹ ra fítámìn ojú olómi fún un, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó dáa jù. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú èmi náà rí.

Ọmọ tèmi ń kàwé, ó ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é lójú gbogbo ayé. Àwọn tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò nílé ìwé rẹ̀ ní kó fi ọwọ́ bo ojú kan kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ọmọ fi ọwọ́ bojú lóòótọ́, ó la ìka díẹ̀, ó ń fi ojú tó dáa yọjú láàárín ìka. Wọ́n bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí wàhálà. Nígbà tí mo rí i pé ojú òsì rẹ̀ a máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ti rẹ̀ ẹ́, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó dá wa lóhùn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí ìwé tó ń kọ. Ó ní tó bá dàgbà á fi í sílẹ̀. Ó wá kọ fítámìn fún wa! Ẹ gbọ́, ojú tó bá ṣì ń yà lẹ́yìn tí ọmọ ti kọjá oṣù 6, kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹ má fìyẹn dúró de àgbà kankan.

Ohun tí kò sẹ́ni tó là yé mi nìyí: ọpọlọ ló ń ríran, ojú kàn ń fi àwòrán ránṣẹ́ ni. Tí ojú kan bá ń fi èyí tó ṣú ránṣẹ́, ọpọlọ á pa á tì, á gba ti ìkejì nìkan. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ fi awò sí ojú ọ̀hún, kò ní ríran dáadáa. Òun ni wọ́n ń pè ní ojú ọ̀lẹ. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń rọrùn jù kí ọmọ tó pé ọdún 7. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ á le.

Nígbà tí a wá rí ẹni tó mọṣẹ́, ó fún un ní awò, ó sì ní ká máa fi pílásítà bo ojú tó dáa kí èyí tó ya ọ̀lẹ lè ṣiṣẹ́. Hàà! Pílásítà yẹn. Ọmọ á sunkún títí á fi bì. Á já a kúrò, irun ìpéǹpéjú á bá a lọ. Awọ ojú rẹ̀ bó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní olójú kan, kò wá fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Látàárọ̀ dalẹ́ la sì ń bò ó, torí "ẹ máa bò ó" nìkan ni wọ́n sọ. Ẹnu dókítà mìíràn ni mo ti wá gbọ́ pé wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, pé fún ojú ọ̀lẹ tí kò tíì le jù, wákàtí 2 lójúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí wákàtí 6 ń ṣe. Ó tún ní oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí ojú tó dáa láti mú kó ṣú díẹ̀ dípò pílásítà. Ta ló sọ fún mi tẹ́lẹ̀? Tó bá kàn yín, ẹ bi wọ́n léèrè iye wákàtí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ pílásítà kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ sì bò ó lásìkò tó bá ń yàwòrán, kó má baà ráyè rò ó.

Ó dáa, fítámìn. Ọmọ tí fítámìn A ò tó lára rẹ̀ kì í ríran tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú rẹ̀ á gbẹ, ó sì lè fọ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ní èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbogbo oṣù 4 sí 6, níbi tí àìtó rẹ̀ bá ti wọ́pọ̀. Ọmọ yín ti kọjá ọjọ́ orí yẹn. Tó bá ń jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì, tí òróró díẹ̀ sì ń wọ oúnjẹ rẹ̀, ó ti ní in. Fífi fítámìn wo ojú tó nílò awò dà bí ìgbà téèyàn ń bu epo sí mọ́tò tí táyà rẹ̀ ti bẹ́. Ó tún léwu, torí ara kì í tọ fítámìn A dànù, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pamọ́ sí. Tó bá pọ̀ jù níbẹ̀, ó lè fa orí fífọ́, èébì àti àìsàn ẹ̀dọ̀. Fún ọmọ ọdún 4 sí 8, èyí tó wá láti inú ẹran, ẹyin, wàrà àti oògùn kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógírámù 900 lọ lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò, ẹ ro gbogbo ìgò pọ̀. Ti lutein, èròjà inú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ pé ó dáa fún ojú, àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ojú wọn ti ń bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ńlá tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Kí ló kan ọmọ ọdún 6?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ìgò: kí ọmọ máa ṣeré níta lójú ọ̀sán. Ní Guangzhou, ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 ìta gbangba kún iṣẹ́ ojúmọ́ àwọn ọmọléèwé kan. Lẹ́yìn ọdún 3, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ojú wọn ò rí ọ̀ọ́kán mọ́, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 40 láàárín àwọn tí wọn ò fi kún tiwọn. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n: ìwé má sún mọ́ ojú jù, kó máa gbójú sókè wo ọ̀ọ́kán lóòrèkóòrè, fóònù má pẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ má sì kán oògùn ojú ẹlòmíì sí i o. Àwọn kan ní steroid nínú, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, wọ́n ń mú kí ojú tó pọ́n mọ́ kíákíá, wọ́n sì lè ti abẹ́lẹ̀ ba ojú jẹ́ pátápátá. Tí ẹ bá rí i nínú fọ́tò pé àárín ojú rẹ̀ kan funfun, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú.

Sísún mọ́ tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ba ojú ọmọ yín jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ríran dáadáa ló fi ń sún mọ́ ọn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì béèrè oògùn tó ń la ọmọ ojú, torí láìsí i, ojú ọmọdé lè máa fipá ṣiṣẹ́, nọ́ńbà awò á ṣì. Ìmọ́lẹ̀ á máa ta á lójú fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ mú fìlà dání.