Ibo ni "král", "król" àti "korol", tí àwọn Slav (àwọn ẹ̀yà ìlà-oòrùn àti àárín Yúróòpù, bí àwọn ará Rọ́ṣíà, Pólàńdì àti Czech) ń pe ọba, ti wá?

Orúkọ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímọ̀ èdè gbà ni pé ara Karl, orúkọ ọba àwọn Frank (ẹ̀yà kan ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù àtijọ́) tí a mọ̀ sí Charlemagne, tí ó jọba láti ọdún 768 títí di 814, ni wọ́n ti yá a. Ó bá àwọn ẹ̀yà Slav tí ó bá a pààlà ní ìlà-oòrùn jagun, ó sì borí àwọn kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe di oyè lẹ́nu wọn.

Ìyípadà ìró rẹ̀ ni ó wú mi lórí jù. "Or" tí ó wà láàárín kọ́ńsónáǹtì méjì nínú èdè Slav àtijọ́ di "oro" lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà (korol), ó di "ro" ní Pólàńdì (król), ó sì di "ra" lọ́dọ̀ àwọn Czech àti àwọn ará Sábíà (král, kralj). Ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìlú tàbí odi ìlú tọ̀, tí ó fi di gorod, gród, hrad àti grad.

Ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pe ọba tiwọn ní tsar nígbà tí wọ́n ṣì ní ọba, láti ara Caesar, oyè àwọn olú ọba Róòmù, máa ń fi korol pe ọba ilẹ̀ òkèèrè. Kódà, "królik", orúkọ ehoro ní Pólàńdì, túmọ̀ sí ọba kékeré: cuniculus ti èdè Látìn ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe gba ẹnu àwọn ará Jámánì kọjá ni ó wá dún bí ẹni pé ọba kékeré ni wọ́n ń wí.