UPS yín ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ bátìrì

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà níwájú mi lóṣù yìí, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún UPS (àpótí tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ bí iná bá lọ) àti ìnfátà ṣe ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni gbogbo wọn. Èyí tó gùn jù ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí ìdí rẹ̀ ni àwọn yòókù sá sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. Mo ń bá èèyàn tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. UPS mi jẹ́ 650VA, ó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi, mo sì ti pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní báyìí, bí iná bá lọ, mi ò lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run tán kó tó kú. Àbúrò ọkọ mi ní kí n ra bátìrì lithium, pé kí n yọ ti tẹ́lẹ̀ kí n ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ náwó lẹ́ẹ̀mejì. (Ìyá oníkọ̀ǹpútà, Ìsọ̀kùn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òwò, ìyá oníkọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe, mo sì ti ṣe é fún èèyàn tó ju ogún lọ. Ibi tí àbúrò ọkọ yín ti já a kúrú ni "ó parí" yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa bátìrì yín. Bátìrì òjé ló wà nínú UPS bẹ́ẹ̀, fóltì 12, 7Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tó lè gbà mọ́ra), ó wúwo ju kílò méjì lọ. Àgbà ni láàárín bátìrì: Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1859. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi 25°C ṣe ìṣirò ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ibi tí ẹ gbé e sí bá fi nǹkan bíi 10°C gbóná ju ìyẹn lọ, ọjọ́ ayé náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Mi ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù yín rí, àmọ́ mo mọ ṣọ́ọ̀bù: páànù lókè, kò sí sílìn, UPS lábẹ́ tábìlì, eruku ti dí ihò tó fi ń mí. Bátìrì mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà ò yà mí lẹ́nu rárá.

Ó wá kan lithium. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, méjì ló kàn wá. Ọ̀kan ni LiFePO4, èyí tí àwọn tó ń ta sólà ń tà káàkiri báyìí. Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì róbótó tó máa ń wà nínú láptọ́ọ̀pù àti páwà bánkì. Ọ̀kan nínú wọn bá UPS yín mu. Èkejì lè jó ṣọ́ọ̀bù yín.

Ìdí ni pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ṣájà inú UPS yín: kó máa fi nǹkan bíi fóltì 13.5 sí 13.8 bọ́ bátìrì, tọ̀sán-tòru, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà. Ẹ yọ òjé, ẹ fi lithium rọ́pò, ohun tó mọ̀ náà ni yóò máa ṣe. Ta ni yóò sọ fún un pé àlejò mìíràn ló jókòó síbẹ̀?

Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 máa ń kún dé fóltì 3.65. Tí ẹ bá to mẹ́rin tẹ̀léra, ó di 14.6. Ṣájà yín ń gbé 13.6 wá, 3.4 ló kan sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kò ní yó bámúbámú, àmọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yó, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é bó bá wà bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Irú UPS yìí máa ń pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá ti sún mọ́ 10.5. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ó lé díẹ̀ ní 2.6, bẹ́ẹ̀ 2.5 ni a kì í fẹ́ kí LiFePO4 lọ kọjá. Ó bá a mu lókè, ó bá a mu nísàlẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. (John Goodenough àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Texas ni wọ́n gbé oríṣi yìí jáde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹni ọdún 97 ni bàbá náà nígbà tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 nítorí bátìrì lithium. Bí ìyàwó mi bá ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù kí n wá sinmi, òun ni mo máa ń pè lẹ́rìí.)

Sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù, fóltì 4.2 ló fi ń kún. Mẹ́ta jẹ́ 12.6. Ẹ wá ń fi 13.6 tì í lọ́fun: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ju 4.5 lọ, iná lẹ ń pè yẹn. Ẹ ní ẹ fẹ́ lo mẹ́rin? Mẹ́rin ń fẹ́ 16.8. Pẹ̀lú 13.6, ebi ni yóò máa pa á láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti so ó, kò ní gbé yín ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Mo ti rí ti mẹ́ta yẹn. Ọmọ yunifásítì kan gbé UPS wá, ó ní ó ń gbóná. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ló tò síbẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó fi sẹ́lótéèpù dè wọ́n. Rọ́bà aláwọ̀ búlúù tó wé méjì nínú wọn ti súnkì bí awọ ẹran tó kan iná, òórùn kan sì ń ti ibẹ̀ jáde, ó dùn díẹ̀, ó ta sánsán, bí oògùn tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹni tó bá gbóòórùn yẹn lára lithium, kó má dúró wo ohun tó kàn. Mo ti gbé e dé ìta, mo ti gbé e sínú garawa iyanrìn, kí n tó rántí bi ọmọ náà pé kí lorúkọ rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe tèmi, àmọ́ tèmi ò gbóòórùn. Pátákó kékeré kan máa ń wà lórí bátìrì lithium, BMS ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kí ọ̀kan má yó jù, kí ọ̀kan má ṣófo jù, kí iná tó ń jáde má sì ju ohun tí ara wọn gbà. UPS 650VA sábà máa ń gbé nǹkan bíi 360 wáàtì. Ẹ pín in fún fóltì 12, ó jẹ́ 30 áńpù. Ẹ ro èyí tí ẹ̀rọ fi ń gbóná mọ́ ọn, ó di nǹkan bíi 37. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún ara mi, BMS 20 áńpù ni mo rà, torí owó rẹ̀ fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì àti fáànù wà lórí rẹ̀. Mo fa plọ́ọ̀gì yọ lára ògiri láti dán an wò. UPS dún "ká", ó ké "pí" lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé sì dákẹ́ lọ́lọ́. Mo gbé mítà lé bátìrì: òdo. Bátìrì tí mo rà láàárọ̀! Mo bú ẹni tó tà á fún mi fún bíi wákàtí kan, èèyàn mi sì ni. Kò mọwọ́-mẹsẹ̀. BMS ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tí ẹrù pọ̀ jù, bó bá sì ti tì í, UPS ò ní rí bátìrì kankan, nítorí náà kò tilẹ̀ ní gbìyànjú láti bọ́ ọ. Ìgbà tí mo fi ṣájà LiFePO4 gidi kàn án ló tó jí. Fún UPS tiyín, 50 áńpù ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì rí i kà lára rẹ̀. Wáyà tó jáde síta gbọ́dọ̀ nípọn, kó má gùn, kí fíúùsì sì wà lára rẹ̀ lẹ́bàá bátìrì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ní kí oníná yín gbé mítà lé bátìrì tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tí UPS bá ti wà lára iná fún bí ọjọ́ kan. Tó bá rí 13.5 sí 13.8, ẹ máa bọ̀ lọ́jà. Àmọ́ bátìrì tó ti kú lè pa irọ́ fún mítà, torí náà kó fi bátìrì tó ṣì dára wò ó tó bá ní. Tó bá rí 15, ṣájà yẹn ti bàjẹ́, àfàìmọ̀ kó jẹ́ òun gan-an ló ń jẹ bátìrì yín. Kó tún wo àwọn kapásítọ̀ inú UPS, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tó ń kó iná pamọ́. Èyí tórí rẹ̀ bá ti wú, kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ra LiFePO4 fóltì 12.8, 20Ah. Ìṣirò rẹ̀: 12.8 lọ́nà 20 jẹ́ wáàtì-wákàtí 256. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó máa ṣòfò, ó ku bíi 205. Kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ 100 wáàtì, nítorí náà ẹ ń wo wákàtí méjì. Ẹ fi ṣájà tirẹ̀ gba iná sí i kó kún dénúdénú kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ UPS, torí ìgbà tó bá kún dáadáa ni BMS máa ń rí àyè tún àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe kí wọ́n dọ́gba.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró gbọ́ dáadáa nìyí. Wọ́n ṣe UPS kékeré kó gbé ẹrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi tọ́jú iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà. Tiráńsífọ́mà inú rẹ̀ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ ò tóbi. Bátìrì òjé ló ń dá a dúró: ó máa ń kú kí ẹ̀rọ tó gbóná dé ibi tó léwu. Bátìrì tuntun yìí ò ní tètè kú. Ẹ̀rọ tó mọ eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ní kó máa sáré wákàtí méjì. Torí náà kọ̀ǹpútà kan péré, kí oníná yín de fáànù kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé e kúrò lábẹ́ tábìlì. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Tẹ́ ẹ bá ní láti yára gbé ọwọ́ kúrò, ẹ pa á. Fọ́tòkọ́pì ńkọ́? Láéláé. Ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ láti lẹ íńkì mọ́ ìwé, iná tó ń fà ju ohun tí UPS yín lè gbé lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó rọrùn jù, LiFePO4 kan wà tó tóbi bákan náà pẹ̀lú 7Ah yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju kílò kan lọ. Ó ń wọ inú rẹ̀ lọ gbọrọgbọrọ. Àkókò tó máa gbé yín kò ní pọ̀, àmọ́ ooru páànù yín ò ní tètè pa á. Ẹ kàn béèrè iye áńpù BMS rẹ̀, torí àwọn mìíràn wà tí wọn ò lè gbé 37.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, irun ni mò ń gẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Mo rí UPS ńlá 1500VA tòkunbọ̀ rà, fóltì 24 ni. Mo fẹ́ so lithium 100Ah méjì mọ́ ọn, kí n fi ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ta ni yóò bọ́ wọn? Ṣájà inú irú UPS yẹn kì í sábà ju áńpù kan sí méjì. 100Ah, pẹ̀lú áńpù kan, ó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí iná ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ jú. Wàá lóṣòó tì í bí òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, BMS àwọn bátìrì mìíràn ò gbà kí wọ́n so méjì pọ̀ tẹ̀léra; bó o bá máa ṣe é, ra ẹyọ kan tó jẹ́ fóltì 25.6. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o ta UPS yẹn, kó o fi owó rẹ̀ kún owó ìnfátà tó ní ṣájà lithium nínú. Ìwọ̀n owó tó o fẹ́ ná sórí bátìrì méjì yẹn, UPS tòkunbọ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń gbé lé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n ṣe sí bátìrì òjé tí mo yọ? (Láti Parakin)

ÌDÁHÙN: Tà á fún àwọn tó ń ra bátìrì àtijọ́, ní odindi. Má fọ́ ọ, má da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ iṣẹ́ ni mí ní Àdètí, Iléṣà. Ọ̀gá mi ní fóltì 12 ò lè gbé èèyàn, pé kí n máa pààrọ̀ bátìrì nígbà tí UPS ṣì wà lára iná. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Fóltì 12 nìkan ò lè gbé ẹ. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ UPS olówó pọ́ọ́kú, wọn ò ya ọ̀nà bátìrì sọ́tọ̀ kúrò lára iná tó ń bọ̀ láti ògiri. Láàárín ẹnu bátìrì méjèèjì, 12 ni mítà yóò kà. Láàárín ẹnu bátìrì kan náà àti ilẹ̀ tó o dúró lé, ó lè ka iná ilé. Fa plọ́ọ̀gì yọ, pa bọ́tìnnì iwájú, yọ ẹnu dúdú bátìrì, kó o wá dúró díẹ̀ kí kapásítọ̀ tú ohun tó kó sínú. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.