Má jẹ́ kí wọ́n ti fíìmù rẹ pa: fún àbúrò tó béèrè nípa DCP

Àbúrò mi, kú oríire. Mo ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná, n kò sì rí oorun sùn mọ́, torí gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí fíìmù tèmi wọ àjọ̀dún ló padà wá sí mi lọ́kàn. O ní fíìmù rẹ oníṣẹ́jú 22, tó jẹ́ Yorùbá látòkè délẹ̀, wọlé sí àjọ̀dún fíìmù kan ní Jámánì. Wọ́n ní kí o fi DCP, ìyẹn àkójọ fáìlì tí sinimá fi ń fi fíìmù hàn, ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó sì pe owó gọbọi. O wá ń béèrè pé ṣé kí o san án ni, àbí kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é.

Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tèmi, òun ni màá kọ́kọ́ sọ: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́kọ́rọ́ ti fíìmù rẹ pa.

Ilé iṣẹ́ lèmi sanwó fún. Ọ̀gá ibẹ̀ kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó kàn ní àwọn ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i kí olè má bàa gbé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé DCP tí wọ́n bá ti tì pa kò ní ṣí láìsí KDM, ìyẹn fáìlì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti pé KDM kì í ṣe password tí èèyàn lè kà fún ara wọn lórí fóònù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe é fún, ìyẹn ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn kan pàtó. Ó ní ọjọ́ àti wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní èyí tí yóò parí. Bí wọ́n bá gbé fíìmù náà lọ sí gbọ̀ngàn kejì nínú sinimá kan náà, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò wúlò mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn, ní ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi tèmi sí, gbọ̀ngàn kejì. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tà ju bí àwọn ṣe rò lọ, wọ́n ní kí á bọ́ sí gbọ̀ngàn kẹrin tó tóbi. Inú mi dùn. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ̀dún náà tó rántí kọ́kọ́rọ́. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo wà nínú yàrá ẹ̀rọ pẹ̀lú ọmọbìnrin tó ń fi fíìmù hàn. Ó tẹ orúkọ fíìmù mi, àmì pupa kékeré kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, àmì náà ò kúrò. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kò sí kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀rọ tiwa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Èkó. Mo pè wọ́n tó ìgbà mẹ́rìnlá. Nígbà tí ọ̀gá náà máa gbé e, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ímeèlì ni àwọn fi ń gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pé owó kọ́kọ́rọ́ tuntun yàtọ̀ sí owó tí mo ti san, pé wákàtí 48 ló máa ń gbà. Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn èèyàn ti jókòó." Ó ní ìlànà ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n padà fi hàn án, láti orí ẹ̀dà Vimeo tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, èyí tí mo kọ "FÚN ÌYẸ̀WÒ NÌKAN" gàdàgbà sí láàárín. Níbi tí òṣèré mi ti ń sunkún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun yẹn dùbúlẹ̀ sójú rẹ̀ láti etí dé etí. Àǹtí mi wọkọ̀ láti Peckham wá wò ó. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́. Ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Hollywood gbé jáde ní 2005 ló gbé kọ́kọ́rọ́ yìí wá, nítorí fíìmù olówó ńlá tó ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sinimá. Tìrẹ kò dé ibẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjọ̀dún fúnra wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí èèyàn má tì í. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ta kú pé dandan ni, ní kí wọ́n fún ọ ní DKDM, òun ni ìyá kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣe àwọn yòókù. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọ, gbé fíìmù rẹ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè rẹ wá: ṣe é fúnra rẹ. DCP-o-matic ni kí o lò, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, Carl Hetherington ló kọ ọ́. Kò le rárá. Fi fáìlì rẹ tó mọ́ jù sínú rẹ̀, yan Flat tàbí Scope (Scope ló fẹ̀ jù) bí àwòrán rẹ ṣe fẹ̀ tó, fi ìwọ̀n dátà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 100 Mbit/s, tẹ Make DCP, kí o lọ sùn. Òfin gbà dé 250, ṣùgbọ́n 100 tó fún ọ. Ètò náà ní Player tí o fi lè wò ó, ó sì ní Verifier tó máa sọ fún ọ bí àṣìṣe kan bá wà níbẹ̀.

Níbi subtitle ni kí o ti fara balẹ̀. O ní Gẹ̀ẹ́sì ni subtitle rẹ, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn àti oríkì wà nínú rẹ̀, o sì fi àmì sí wọn bó ṣe yẹ. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n subtitle máa ní kí o yọ gbogbo àmì náà kúrò, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Má dá wọn lóhùn. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ní ẹ tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ pẹ̀lú ohùn òkè. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Bí fọ́ńtì kò bá mọ bí a ṣe ń tò wọ́n, àmì ohùn á fò lọ dúró sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí òfìfo bọ́ sójú ògiri. Mo ti rí Ọláṣubọ̀mí tó di àpótí mẹ́ta pẹ̀lú lẹ́tà díẹ̀ láàárín. Orúkọ ìyá àgbà mi ni. Lo Noto Sans tàbí Charis SIL, fi UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Unicode, tọ́jú fáìlì SRT rẹ, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ subtitle náà, kí o sì sọ fún DCP-o-matic kó tẹ subtitle náà mọ́ àwòrán lára pátápátá. Bó bá ti wọ inú àwòrán, kò sí ẹ̀rọ sinimá kankan tó lè bà á jẹ́ mọ́. Fi SRT náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀, torí wọ́n lè fẹ́ fi Jámánì kún un.

O kò sọ iye àwòrán tí o fi yà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 25, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá gbọ̀ngàn wọn ń gba 25 ní SMPTE, ìyẹn ìlànà DCP tuntun. Má ṣe é ní 24 nítorí pé ẹnìkan ní òun ni gbogbo ayé ń lò. Bí 25 bá di 24, fíìmù náà á fà gùn, ohùn á sì wálẹ̀. Tèmi fi ìṣẹ́jú kan gùn sí i, ohùn ìyá ìlù sì rọ̀ débi pé onílù tó lù ú kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nípa fífi ránṣẹ́: ìṣẹ́jú 22 ní 100 Mbit/s á tó nǹkan bíi GB 16. Bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ń gbé nǹkan jáde ní 2 Mbit/s, wákàtí 18 nìyẹn. NEPA mú iná nígbà tí tèmi ti kọjá ìdajì, ìkànnì tí wọ́n fún wa kò sì lè bẹ̀rẹ̀ látibi tó dúró sí, a tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti le, kí o sanwó ọjọ́ kan fún wọn. Àkójọ fáìlì ni DCP, kì í ṣe fáìlì kan. Má yí orúkọ èyíkéyìí nínú wọn padà, nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń wá ara wọn.

Má tíì gbé fíìmù náà sí YouTube o, bí àwọn èèyàn ṣe wù kí wọ́n máa bẹ̀ ọ́ tó. Àwọn àjọ̀dún kan kò ní gbà á mọ́. Àwọn "àjọ̀dún" orí FilmFreeway, ìkànnì tí a ti ń forúkọ fíìmù sílẹ̀ fún àjọ̀dún, tó ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ lóṣooṣù, tí kò ní gbọ̀ngàn, tí kò ní àwòrán èèyàn kan tó jókòó wo fíìmù rí, má fún wọn ní dọ́là rẹ. Kọ̀wé sí àwọn gidi pé o kò lówó ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò fún ẹni tó bá béèrè.

Kí o tó fi ránṣẹ́, gbé e lọ sí sinimá tó sún mọ́ ọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ ọ̀gá ibẹ̀, ra nǹkan mímu fún ọmọ tó ń fi fíìmù hàn, kí o jókòó ní ìlà iwájú, kí o wo ìṣẹ́jú 22 náà tán. Lẹ́yìn náà, padà wá síbí, kí o sọ fún mi bóyá gbogbo àmì orí ẹ àti ọ dúró síbi tó yẹ. Màá máa retí rẹ.