Ẹ pìtàn fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kó wọn dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ kó àwọn ọmọ wá sí Ilé-Ifẹ̀ láti Èkó béèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ti rí ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà lápá Tarkwa Bay, ó sì dùn mọ́ wọn gan-an. Ṣé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tó dúró n'Ífẹ̀ níbí, náà á wù wọ́n, àbí owó ọkọ̀ á kàn ṣòfò? Kò ní ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí mo ti ṣe nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn ọmọ àbúrò mi ló wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi n'Ìrẹ̀mọ. Ọ̀sán gangan ni mo kó wọn lọ sí Mọ̀pà, níbi tí ọ̀pá náà wà, ebi ń pa wọ́n, oòrùn ń ta. Ẹnì kan pàdé wa, ó ní òun ló ń tọ́jú ibẹ̀, mo sanwó fún un. Kò pẹ́ tí ẹlòmíì fi yọ sí wa, ó ní òun ò mọ ẹni tí mo fowó fún. Mo tún san. Àwọn ọmọ wo òkúta náà lọ sókè, wọ́n wò ó bọ̀ nílẹ̀, èyí àgbà wá bi mí pé, "Màmá Ifẹ̀, ṣé òun náà nìyí?" Ó dùn mí wọra. Ẹ̀bi mi ni. Ilé ìmọ́lẹ̀ ń tàn, ẹni tó bá rí i ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Òkúta ò lẹ́nu, ẹni tó múni débẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún wá lọ́dún kejì, iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó síta, mo sì pìtàn náà. Mo sọ̀rọ̀ Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà fún wọn, jagunjagun tí ara rẹ̀ pín sí méjì, apá kan pupa, apá kan dúdú, tó bí Ẹwẹ́ka tó jọba ní Ìbíní, tó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Àwọn àgbà ní nígbà tó di arúgbó ní Ifẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ, ó ní bí ogun bá dé kí wọ́n pe òun. Wọ́n ń pè é, ó ń jáde, ó ń ṣẹ́gun. Ó wá di ọjọ́ ọdún kan, ẹmu ti ń pa àwọn èèyàn, wọ́n ní ká pè é wò ná. Ó jáde tòun tidà, ó ń ṣá wọn balẹ̀. Ìgbà tó fi máa mọ̀ pé ará ilé òun lòun ń pa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó lọ, kò sì jáde mọ́.

Àbíkẹ́yìn wọn bi mí pé, "Ta ló kọ́kọ́ pè é?" Kò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀, àwọn ló ń fà mí lọ́wọ́. Akọ òkúta ni ọ̀pá náà, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ó ń tín-ín-rín lọ sókè. Ìṣó irin tò lọ lára rẹ̀, orí wọn nìkan lẹ máa rí, wọ́n ti dípatà. Ẹ sì rò ó wò: wọ́n ní láti kọ́kọ́ dá ihò sí akọ òkúta kí ìṣó tó wọlé. Àwọn ọmọ ń ka ìṣó, iye tí wọ́n rí ò bára mu, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo fi ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí tí wọ́n tún un tò hàn wọ́n. Àbíkẹ́yìn la ẹnu, ó fẹ́ pariwo orúkọ Ọ̀rànmíyàn, kíá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ kí àwọn àgbà tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ bi wọ́n lẹ́ni tó yẹ kí ẹ sanwó fún kí ẹ tó fọwọ́ sápò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fara ti òkúta náà tàbí kó fa ìṣó, ojúbọ ni. Tí ó bá bọ́ sí àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́, ẹ wo àwọn Ẹmẹ̀sẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin Ọọ̀ni, dáadáa: wọ́n máa ń kun apá kan ara lẹ́fun, wọ́n á kun apá kejì lósùn, nítorí ara Ọ̀rànmíyàn tó pín sí méjì yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin l'Ẹ́nuwà, ẹ lè ya ibẹ̀ bí ẹ bá ń bọ̀.

Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún mi. Bí mo bá wà nílé, màá bá yín débẹ̀.