Ẹ má tíì sanwó fún antivirus ọ̀fẹ́ tó ń dẹ́rù bà yín

Ẹ kú ìnira. Ẹ ní antivirus ọ̀fẹ́ yín sọ pé òun rí ìṣòro tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àfi kí ẹ sanwó kí òun tó lè tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: kó wá fáírọ́ọ̀sì, kó mú un. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ṣe update, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ẹrù wọlé. VPN (èyí tó ń fi ibi tí èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́) dé, èyí tó ń gbá ìdọ̀tí dé, èyí tó ń wá driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀) dé, browser tiwọn náà tún dé. N ò béèrè ọ̀kankan. Èyí tí mo bá sì tẹ̀, ojú ibi ìsanwó ló ń ṣí. Màá máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àpótí pupa á yọ nígun, "Ewu wà o!", àyà mi á já.

Mo bá sanwó. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wo àwọn "ìṣòro" yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan ni inú bí mi: cookie (àkọsílẹ̀ kékeré tí àwọn ojúlé ń fi sínú browser) àti àwọn fáìlì tí Windows ń lò fúngbà díẹ̀ ni gbogbo wọn. Fáírọ́ọ̀sì ẹyọ kan ò sí níbẹ̀.

Láti orí Windows 8, lọ́dún 2012, ni Microsoft ti ń fi Defender, antivirus tiwọn, sínú Windows fúnra rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá gbé antivirus mìíràn wọlé, Defender á yẹ̀ fún un. Tí ẹ bá yọ ọ́, Defender á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ antivirus ọ̀fẹ́ yẹn. Bó bá kọ̀ tí kò lọ tán, ẹ lọ sí ojúlé àwọn tó ṣe é, ẹ wá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ wo inú Windows Security bóyá Defender ti ń ṣọ́ ilé.

Ẹ yọ extension rẹ̀ (àfikún tó fi há inú browser yín) náà. Èyí ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2024, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí Avast, tó ń ṣe antivirus (kì í ṣe èyí tí mo lò), san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí pé wọ́n ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà wọn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá sì ti sanwó, ẹ wọ àkáǹtì yín, kí ẹ pa auto-renewal (èyí tó ń tún owó yọ fúnra rẹ̀ bí àsìkò bá pé). Yíyọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kò dá owó yíyọ dúró. Wọ́n ti yọ owó ọdún kejì lórí káàdì mi kí n tó mọ̀.